ÀJÀYÍ CROWTHER: ÈDÈ WO LÓ KÀN?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi kì í ṣe àgbà, ṣùgbọ́n mo dé oríta kan tí iwájú ṣú mi lójú, ni mo bá bojú wẹ̀yìn. Ẹni tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún yín.

Oríta náà nìyí. Mo ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì mọ́ ẹ̀kọ́ tí mo wá kà. HTML àti CSS ti yé mi. JavaScript, mo gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó lè kí ènìyàn ní èdè kan ṣùgbọ́n tí kò lè ná ọjà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ ìbéèrè tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lóorun lọ: èdè wo ló kàn? Ọ̀rẹ́ mi kan ní Python ni, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n. Òmíràn ní Go, tí Google gbé jáde ní 2009. Ẹnìkẹta ní Rust ni ayé ń lọ. Ẹ̀gbọ́n kan tí iṣẹ́ yìí ń bọ́ ní kí n lọ kọ́ PHP, àwọn tó kù sì bú sẹ́rìn-ín pé èdè arúgbó ni. Láàárín oṣù mẹ́rin mo bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta nínú wọn, n kò sì parí ọ̀kan. Àǹtí mi tó ń ta àdìrẹ àti aṣọ òkè ní ọjà Sabon Gari ti san àsansílẹ̀ fún mi kí n ṣe wẹ́bùsáìtì fún ìsọ̀ rẹ̀. Mo ṣe é dé ìdajì, mo pa á tì. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí, níbi tí èdè kò ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìlú tuntun ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní èdè Haúsá. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé Kánò ni ìjọba àwọn òyìnbó ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú, fún àwọn àlejò tó ń bá iṣẹ́ àti òwò bọ̀ láti gúúsù. Títí di òní, Yoruba Road àti Ibo Road wà níbẹ̀. Nínú àgbàlá wa, Yorùbá ni a fi ń kí ìyá ní òwúrọ̀, Haúsá ni a fi ń ra omi lẹ́nu ọ̀nà, Ìgbò ni a sì fi ń jà nídìí bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó bi mí nígbà náà pé èwo ló dára jù. Ẹni tí mo ní í bá sọ̀rọ̀ ló ń pinnu èyí tí mo máa kọ́. Báwo ni mo ṣe wá gbàgbé ọgbọ́n yìí nígbà tó di èdè kọ̀ǹpútà? Nígbà tí mo ń rò ó ni Àjàyí Crowther sọ sí mi lọ́kàn.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌKÓLẸ́RÚ

Ìlú Òṣogùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí jẹ́. Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé là ń sọ bẹ́ẹ̀. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Àsìkò tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń tú, tí ogun ń gba ilẹ̀ Yorùbá kan, ni ó ń dàgbà. Ní 1821, ogun wọ Òṣogùn. Wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n ń fi okùn so àwọn obìnrin àti ọmọdé mọ́ra. Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n kó lọ.

Wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn oṣù bíi méjì, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n gba ọmọ padà. Lẹ́yìn èyí wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà, títí tó fi di ohun tí wọ́n ń fi tábà àti ọtí pààrọ̀. Báyìí ni ó ṣe dé Èkó. Ní oṣù April 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹrú mìíràn. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣọ́ òkun mú ọkọ̀ náà, ní oṣù June ọdún náà sì ni wọ́n sọ wọ́n kalẹ̀ ní ilẹ̀ Sierra Leone. Ọmọ tí wọ́n fi ẹṣin díwọ̀n di òmìnira ní ilẹ̀ àjèjì, láìní ìyá, láìní ará.

FREETOWN, ÌLÚ ELÉDÈ PÚPỌ̀

Bí ẹ bá mọ Sabon Gari, ẹ ti mọ Freetown ìgbà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo ẹrú tí wọ́n gbà lórí òkun sí, láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Nígbà tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Koelle kó ọ̀rọ̀ wọn jọ sínú ìwé tó jáde ní 1854, èdè tó rí níbẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún.

Nínú gbogbo wọn, èwo ni Àjàyí kọ́kọ́ dojú kọ? Gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí òun ni èdè ilé ìwé, òun ni èdè ìjọba tó dá a sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ kíláàsì, kò fẹ́ dúró de ọjọ́ kejì. Ó wá owó díẹ̀ láti ra ìwé ABD tirẹ̀. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ní 1825 wọ́n ṣèrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ó lọ sí ìlú London fún ìgbà díẹ̀ ní 1826, nígbà tó sì padà ní 1827, ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay.

Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Temne, èdè àwọn onílẹ̀ tó yí Freetown ká. Ẹ ṣàkíyèsí èyí. Lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì, kò wá èdè tó lókìkí lókè òkun. Èdè àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló kọ́. Ní àkókò yìí náà ni Raban, òyìnbó àlùfáà tó ṣèrìbọmi fún un, ń wádìí èdè Yorùbá lẹ́nu àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀, Crowther sì wà nínú àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Èdè tó mu lẹ́nu ọmú wá di ohun tí ó ń tú wò, tí ó ń béèrè pé kí ló dé tí a fi ń sọ ọ́ báyìí.

ODÒ ỌYA ÀTI ÌWÉ ÀKỌ́KỌ́

Ní 1841, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí Odò Ọya. Crowther àti Schön, àlùfáà ọmọ Jámánì kan, bá wọn lọ. Ibà pa ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú ìrìn àjò náà, ọkọ̀ sì padà láìṣe ohun tó bá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí mú ẹ̀kọ́ kan bọ̀: ẹni tí kò gbọ́ èdè àwọn ará odò kò lè ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ọmọ Áfíríkà ló sì yẹ kí wọ́n rán. Schön gba èdè Haúsá mú, Crowther gba Yorùbá. Ní 1843, ìwé ọ̀rọ̀ Haúsá tí Schön kọ jáde. Ní ọdún kan náà, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther kọ jáde. Èmi tí mò ń sọ Haúsá lọ́jà, tí mò ń sọ Yorùbá nílé, inú mi dùn pé ọdún kan ni ìwé méjèèjì jọ jáde.

Ọdún 1843 yìí náà ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní London. Ní oṣù January 1844, ó dìde ní Freetown, ó wàásù ní Yorùbá fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1845 ó dé Àgbádárìgì. Ní 1846 ó wọ Abẹ́òkúta. Níbẹ̀, ní oṣù August, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti yà á nípá, ìyá rẹ̀ tún fojú kàn án. Bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mú bọ̀ wálé, èdè wo ni ìbá fi sọ fún Àfàlà ibi tí ojú òun ti rí?

Lẹ́yìn èyí ló wá tẹra mọ́ Yorùbá gan-an. Kò sọ pé ọmọ Yorùbá ni òun, òun ti gbọ́ ọ tán. Ó ń jókòó ti àwọn àgbà, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pòwe, bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣìpẹ̀ fún olófò, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé Róòmù ní Yorùbá jáde ní 1850, gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ tó gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ sì jáde ní 1852. Ní 1851 tó dé iwájú Ọbabìnrin Victoria, Yorùbá ni ó fi ka Àdúrà Olúwa sí i létí. Nígbà tí gbogbo Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884, òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Thomas King àti àwọn mìíràn bá a ru ẹrù náà. Bí a bá ka ọdún láti 1843 dé 1884, a ó rí i pé kò fi èdè yìí sílẹ̀ nígbà kankan, bó tilẹ̀ ń kọ́ òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń ṣà jọ fún ọdún mọ́kànlá, láti ìgbà tí ìwé rẹ̀ ti jáde, jóná pátápátá. Kò ní ẹ̀dà kejì. Ta ni nínú wa tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò tíì kú lójijì rí? Crowther sunkún ohun tó ṣòfò, ó sì tún mú gègé.

NUPE ÀTI ÌGBÒ

Ní 1854 ó tún gba Odò Ọya lọ pẹ̀lú Dókítà Baikie. Nítorí pé wọ́n ń lo kuníìnì, kò sí òyìnbó kan tó kú nínú ìrìn àjò náà. Ọ̀nà odò là, iṣẹ́ tuntun sì dé, èdè tuntun sì bá a dé.

Fún Ìgbò, ìwé ABD kékeré ló kọ ní 1857, Simon Jonas, ọmọ Ìgbò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oko ẹrú, sì ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún náà ó dá ibùdó ìjọ sílẹ̀ ní Onitsha. Ṣùgbọ́n kò dì í mú pé òun ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ Ìgbò. Ó fi ibẹ̀ lé J. C. Taylor lọ́wọ́, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, kí ẹni tó ni èdè máa bá iṣẹ́ èdè lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò sì pa á tì: ní 1882 ìwé ọ̀rọ̀ Ìgbò rẹ̀ jáde.

Nupe ńkọ́, èdè àwọn tí a ń pè ní Tápà? Ní oṣù October 1857, ọkọ̀ wọn fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi wà ní àgbègbè náà láìrí ọkọ̀ padà. Ilẹ̀ Nupe ni ibẹ̀, èdè wọn ló sì gbájú mọ́. Ní 1864, gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ Nupe tí ó kọ jáde. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí èmi sí, mo sì fẹ́ràn láti kà pé nígbà tó bá àwọn ọba Mùsùlùmí Nupe pàdé, pẹ̀lú sùúrù àti ọ̀wọ̀ ni ó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kọ́ èdè ènìyàn, ó ṣòro kí ó fojú tín-ín-rín onítọ̀hún.

BÍṢỌ́Ọ̀BÙ, ÀTI Ọ̀RÚN ỌJỌ́ RẸ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù June 1864, ní Canterbury, wọ́n fi ọmọ Òṣogùn jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ní 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, òun ló sì ṣe alága. Ìpàdé yìí ló fìdí ètò ìkọ̀wé tó ní àmì lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀ fún àwọn ìwé ìjọ, lórí rẹ̀ sì ni àwọn tó tẹ̀ lé wọn kọ́ ilé tiwọn.

Kò parí sí ayọ̀. Nígbà tó dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé sí Odò Ọya. Wọ́n ka àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí aláìyẹ, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò. Ní 1890, níbi ìpàdé ní Onitsha, àwọn ọmọdé lójú rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ gún arúgbó tó lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù December 1891, ó jáde láyé ní Èkó, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Gbogbo èdè tó gbọ́ kò gbà á lọ́wọ́ ìwọ̀sí. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ipò, wọn kò lè gba ìwé. Orúkọ àwọn tó dójú tì í, mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀KỌ́ TÍ MO RÍ KỌ́

Èdè ènìyàn àti èdè kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọgbọọgba. Oṣù díẹ̀ lè tó láti fi Python ṣe nǹkan gidi; èdè ènìyàn ń fẹ́ ọjọ́ ayé. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni: èwo ló kàn? Ọ̀nà tí Crowther gbà dáhùn rẹ̀ yé mi wàyí.

Èkíní, iṣẹ́ ló ń yan èdè fún un, kì í ṣe òkìkí. Gẹ̀ẹ́sì fún ilé ìwé, Temne fún aládùúgbò, Yorùbá fún ìyá àti ìlú rẹ̀, Nupe nígbà tí ọkọ̀ fọ́ sí ilẹ̀ Nupe. Èkejì, ọ̀kan wà tí ó mọ̀ dé gbòǹgbò, èyí ló sì fi ń díwọ̀n àwọn yòókù. Ẹni tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe ń ṣe nínú èdè kan kò ní ṣìnà pátápátá nínú òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó mọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tún iṣẹ́ ṣe, bó ṣe ń pín ọ̀nà sí méjì, kò ní jẹ́ àlejò nínú Go tàbí PHP. Ẹ̀kẹta, ó ń kọ ohun tó kọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin, ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ni ín.

Mo fi ojú yìí padà sídìí iṣẹ́ Àǹtí mi. Ohun tó mú mi pa á tì nìyí: bí oníbàárà bá tẹ àdìrẹ síbi tí wọ́n ń wá ọjà, wẹ́bùsáìtì á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ àdìrẹ kún inú rẹ̀. Mo rò pé JavaScript ló kéré, pé èdè tó lágbára jù ú lọ ni mo nílò. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Nínú ètò Unicode, ẹ lè jẹ́ nọ́ńbà kan, ó sì lè jẹ́ méjì, ti e àti ti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lójú ènìyàn ọ̀kan ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ wọn kì í ṣe ọ̀kan. Fóònù oníbàárà kọ ọ́ lọ́nà kan, èmi kọ ọ́ lọ́nà kejì. Oògùn rẹ̀ sì wà nínú JavaScript láti 2015: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, normalize, tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan kí á tó fi wọ́n wéra. Èdè tí mo fi sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà ni ìdáhùn wà, n kò dé ojú ewé tó wà.

Àmì abẹ́ lẹ́tà tí àwọn bàbá jókòó lé lórí ní Èkó ní 1875 ni mo jókòó lé lórí ní Sabon Gari, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo létí mi. Ní òru ọjọ́ náà, mo tẹ àdìrẹ, àdìrẹ sì jáde.

JavaScript ni mo ń bá lọ títí n ó fi lè ná ọjà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, PHP ló kàn, nítorí pé òun ni wọ́n fi kọ WordPress, WordPress sì ni àwọn oníṣòwò tó ti ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ mi fẹ́. Kí àwọn ọ̀rẹ́ mi máa rẹ́rìn-ín. Bí iṣẹ́ Python bá délé, n ó kọ́ Python. Mo sì ti ní ẹ̀dà méjì gbogbo iṣẹ́ mi, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ Àǹtí mi, nítorí iná 1862.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ìbéèrè yìí bá ń dà yín láàmú, ẹ má kọ́kọ́ bi ayé léèrè pé èdè wo ló ń lọ lóde. Ẹ bi ara yín pé ta ni ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kí lẹ sì fẹ́ bá a ṣe. Ire o.